Ṣé Ogún Bàbá Mi Ni Ikùn Yìí?

ÌBÉÈRÈ

Ọmọ ọdún 43 ni mí, páátì mọ́tò ni mò ń tà ní Ìbàdàn. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta mí lọ́rẹ. Ìbejì ni àkọ́bí wa, ọkùnrin ni àwọn méjèèjì, ọdún mọ́kànlá ni wọ́n wà báyìí, wọ́n sì jọra débi pé èmi gan-an ṣì máa ń pe Táíwò ní Kẹ́hìndé.

Ní oṣù tó kọjá, ẹgbẹ́ wa lọ́jà pe àwọn nọ́ọ̀sì kan wá láti yẹ̀ wá wò lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó jẹ́ 148/94. Wọ́n ní kí n má fi falẹ̀, kí n lọ sí ọsibítù. Níbẹ̀, wọ́n ní kí n fi ebi sùn mọ́jú kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ mi. Ṣúgà mi jẹ́ 112, kọlẹ́sítáróò tí wọ́n ń pè ní èyí tó dára jẹ́ 36, triglyceride jẹ́ 98. Ìwọ̀n mi jẹ́ 98 kílò. Wọ́n fi téèpù yí ikùn mi ká, ó jẹ́ 106 sẹ̀ǹtímítà. Dókítà tó rí mi ní metabolic syndrome ni wọ́n ń pè é, ó sì bi mí léèrè nípa ìdílé wa. Mo sọ fún un pé rọpárọsẹ̀ ló mú bàbá mi lọ ní ọmọ ọdún 54, pé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, àti pé kò sí ọkùnrin kan nílé wa tí kò ní irú ikùn yìí. Ó kàn mi orí ni, ó ní, “Ẹ rí i, ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín.” Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má dààmú ara mi, pé ohun tó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, àjọbí ni, kí n kúkú máa jayé mi. Ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní òun lè bá mi fi itọ́ mi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò DNA, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ìyàwó mi ní triglyceride mi ṣáà dára, pé ọ̀rá kọ́ ló ń bá mi jà. Láti àárọ̀ ni mo ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù; oúnjẹ tí mo lè pè ní oúnjẹ kò ju ti alẹ́ lọ, àmàlà ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án, pẹ̀lú bíà ìgò kan tàbí méjì. Dókítà, ṣé ohun tó pa bàbá mi náà ló ń bọ̀ wá bá mi? Àwọn ìbejì mi ńkọ́?

Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Bàbá Ìbejì, ẹ ṣeun tí ẹ kọ gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyẹn ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń kọ̀wé sí mi kì í kọ ju “ara mi kò dá” lọ, wọ́n á wá máa retí kí n dáfá lé e lórí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdáhùn mi kí ẹ lè rí oorun sùn lálẹ́ òní: òótọ́ ni pé ẹ jogún nǹkan kan lọ́dọ̀ bàbá yín. Ṣùgbọ́n ọdún 54 tó lò láyé kò sí nínú ogún náà.

Ohun tí dókítà yín dárúkọ kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo. Lọ́dún 1988 ni Gerald Reaven, oníṣègùn kan ní Yunifásítì Stanford, ṣàlàyé fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé àwọn ìṣòro kan máa ń kó ara wọn jọ sára èèyàn kan náà: ẹ̀jẹ̀ tó ń ru, ṣúgà tó ń gòkè, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí kò dọ́gba. Ó ní ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé ara onítọ̀hún kì í gbọ́ ti ínsúlínì dáadáa mọ́. Lóde òní, nǹkan márùn-ún ni a ń wò lára ọkùnrin. Àkọ́kọ́ ni ikùn tó bá kọjá 102 sẹ̀ǹtímítà ní ìlànà àwọn ará Amẹ́ríkà, àmọ́ ìlànà tí àjọ àgbáyé lórí ìtọ̀ ṣúgà ní kí àwa ọmọ Áfíríkà lò kò ju 94 lọ. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ tó bá tó 130 lókè tàbí 85 nísàlẹ̀, ṣúgà àárọ̀ tó bá tó 100, triglyceride tó bá tó 150, àti kọlẹ́sítáróò rere tí kò bá tó 40. Ẹni tó bá ní mẹ́ta nínú márààrún ti wọ ẹgbẹ́ náà. Mẹ́rin ni tiyín.

Ó yẹ kí n yanjú ọ̀rọ̀ “inú ẹ̀jẹ̀” yẹn, nítorí bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún Yorùbá, ọkàn rẹ̀ á sáré lọ sórí AA, AS àti SS. Ti SS yàtọ̀ pátápátá. Jíìnì kan ṣoṣo ni, ẹni tó bá gba ẹ̀dà rẹ̀ tó lábùkù lọ́dọ̀ bàbá tó tún gbà á lọ́dọ̀ ìyá, àìsàn náà ti di tirẹ̀, ì báà jẹ ewébẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Èyí tó wà nínú ilé yín kò rí bẹ́ẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún jíìnì ló lọ́wọ́ sí i, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì tó nǹkan. Ẹ wo èyí tí wọ́n ń pè ní FTO, tó ní í ṣe pẹ̀lú bí ebi ṣe ń pa èèyàn àti bí ó ṣe ń yó. Lọ́dún 2007 tí òkìkí rẹ̀ kàn, ohun tí wọ́n rí lára àwọn òyìnbó ni pé ẹni tó ní ẹ̀dà méjì rẹ̀ máa ń fi nǹkan bíi kílò mẹ́ta péré wúwo ju ẹni tí kò ní rárá. Kílò mẹ́ta! Ẹlòmíràn ń fi ọdún Iléyá nìkan kó ìyẹn jọ. Èyí tó lágbára jù nínú àwọn tó ń fa ìtọ̀ ṣúgà ni TCF7L2, àwọn onímọ̀ ní Iceland ló kọ́kọ́ tú u fó lọ́dún 2006, ó sì wà lára àwa náà. Adébọ̀wálé Adéyẹmọ, Charles Rotimi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sì ṣàyẹ̀wò àwọn èèyàn tó lé ní 5,000 ní Nàìjíríà, Gánà àti Kẹ́ńyà. Lọ́dún 2019 wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn rí òmíràn, ZRANB3, tí ìwádìí àwọn òyìnbó kò fojú sí. Nígbà tí wọ́n pa jíìnì yìí lẹ́nu mọ́ lára ẹja kékeré kan, sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlínì dín kù lára rẹ̀.

Níwọ̀n bí ẹ ti jẹ́ bàbá ìbejì, ìwádìí kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Ní Yunifásítì Laval, ní Québec, ilẹ̀ Kánádà, Claude Bouchard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ìbejì méjìlá, ọ̀dọ́mọkùnrin 24 lápapọ̀. Irú ìbejì tó jọra délẹ̀délẹ̀ bí tiyín ni gbogbo wọn. Wọ́n ń fún wọn ní oúnjẹ tó fi 1,000 kálórì ju ohun tí ara wọn ń béèrè lọ, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, títí ó fi pé ọjọ́ 84. Nígbà tí wọ́n gbé wọn sórí ìwọ̀n, ẹnìkan fi kílò 4.3 péré kún, ẹlòmíràn fi 13.3 kún. Bẹ́ẹ̀ àpọ̀jù oúnjẹ kan náà ni gbogbo wọn jẹ! Ṣùgbọ́n ẹ wo Táíwò àti Kẹ́hìndé nínú wọn: bí Táíwò bá sanra púpọ̀, Kẹ́hìndé rẹ̀ náà á sanra púpọ̀, bí ọ̀rá ti ọ̀kan bá lọ jókòó sínú ikùn, ti èkejì náà á lọ síbẹ̀. Bí ọ̀rá inú ikùn ṣe jọra láàárín ìbejì kan náà ya àwọn onímọ̀ náà lẹ́nu ju bí ìwọ̀n ara gan-an ṣe jọra lọ. 1990 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde, mi ò sì tíì rí ìwádìí mìíràn tó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere tó bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kó tù yín nínú. Bí ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín bá jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà, tí ikùn tirẹ̀ pẹlẹbẹ tí tiyín ń yọ síwájú, kì í ṣe pé ẹ̀yin ni ọ̀kánjúwà. Àbùdá yín ló rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìwádìí yìí sábà máa ń fò dá: nínú àwọn ọmọkùnrin 24 yẹn, kò sí ẹni tó sanra kí wọ́n tó gbé 1,000 kálórì yẹn kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Jíìnì ló sọ iye tí yóò kún àti ibi tí yóò lọ. Oúnjẹ ló pèsè ohun tí ó kún.

Èyí ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín àti ọ̀rọ̀ àjọbí rẹ̀. Ẹ bá mi kí i, kí ẹ sì ka ibí yìí sí i létí. Lọ́dún 1997, Richard Cooper, Rotimi kan náà tí mo dárúkọ lókè àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde lórí ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín àwọn èèyàn dúdú tí orírun gbogbo wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ṣì wà nílé ní Nàìjíríà àti Cameroon, wọ́n wọn ti àwọn ọmọ ẹrú tó wà ní Jàmáíkà, Saint Lucia àti Barbados, wọ́n sì wọn ti àwọn tó wà ní Maywood, lẹ́bàá Chicago. Nílé níbí, ìdá 16 nínú 100 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní àwọn erékùṣù, ó di 26. Ní Amẹ́ríkà, ó di 33. Ìran kan náà ni gbogbo wọn, jíìnì tí bàbá ńlá wọn gbé wọ ọkọ̀ ojú omi kò sì yí padà láàárín àwọn ọdún yẹn. Ìwọ̀n ara àti iyọ̀ inú oúnjẹ ló ń lọ sókè láti ibì kan dé ibòmíràn, ẹ̀jẹ̀ sì ń tẹ̀lé wọn lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé a ti bọ́ nítorí pé a wà nílé o. Ìbàdàn òní kì í ṣe Ìbàdàn ìgbà yẹn. Ọkùnrin tó ń fẹsẹ̀ rìn láti Mọ́kọ́lá dé Dùgbẹ̀ nígbà náà, ọ̀kadà ló ń gùn báyìí, ìdí kan náà tó fi jókòó sórí ọ̀kadà ni yóò fi jókòó ní ṣọ́ọ̀bù títí ilẹ̀ á fi ṣú. A ti ń gbé Maywood wá sí Gbági.

Ẹ̀rí kejì tí mo ní fún ẹ̀gbọ́n yín nìyí. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó àwọn èèyàn tó lé ní 3,000 jọ tí ṣúgà wọn ti ń gòkè ṣùgbọ́n tí kò tíì di ìtọ̀ ṣúgà, bí tiyín gan-an. Wọ́n ní kí apá kan máa gbé oògùn metformin mì, kí apá kan máa gbé oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, kí apá yòókù sì dín oúnjẹ kù kí wọ́n lè fi ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún fúyẹ́, kí wọ́n máa rìn kánkán fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Nígbà tí àbájáde jáde lọ́dún 2002, oògùn ti dín iye àwọn tó kó ìtọ̀ ṣúgà kù ní ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún. Oúnjẹ àti ìrìn dín in kù ní ìdá 58. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá yẹ jíìnì wọn wò. Àwọn tó gba ẹ̀dà méjì TCF7L2 láti ilé wá, tí wọ́n sì wà lábẹ́ oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, tètè kó ìtọ̀ ṣúgà ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Ṣùgbọ́n ní apá àwọn tó ń rìn tí wọ́n sì ń dín oúnjẹ kù, ìyàtọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn mọ́. Bàbá Ìbejì, bí mo bá ní kí ẹ rántí ohun kan ṣoṣo nínú ìwé yìí, òun náà nìyẹn.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ àwọn ọkùnrin ilé yín ló hàn lára wọn. Obìnrin, kó tó di pé nǹkan oṣù rẹ̀ dúró, ìdí àti itan ni ara rẹ̀ sábà máa ń tọ́jú ọ̀rá sí, ọ̀rá ibẹ̀ kì í sì ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Inú ikùn ni ti ọkùnrin máa ń lọ, ó máa ń yí ìfun àti ẹ̀dọ̀ ká. Láti ibẹ̀, tààrà ni ọ̀rá náà ń ṣàn lọ sínú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á kún, kò ní gbọ́ ti ínsúlínì mọ́, ṣúgà á sì máa gòkè. Ìdí nìyí tí téèpù télọ̀ fi wúlò fún ọkùnrin ju òṣùwọ̀n kílò lọ. Ọ̀rá ikùn tún máa ń dín tẹstọ́stírọ́ọ̀nù kù, bí ìyẹn bá sì dín kù, ọ̀rá ikùn á tún pọ̀ sí i. Bí nǹkan ọmọkùnrin bá ti ń ṣojo, tàbí tí ẹ ń hanrun débi tí ìyàwó yín ń sá kúrò ní yàrá, ẹ sọ ọ́ fún dókítà, ẹ má tijú. Nígbà mìíràn, òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń bàjẹ́ ló kọ́kọ́ ń fi ara hàn níbẹ̀, kó tó dé ọkàn. Ẹ má sì lọ fi àgbo jẹ̀dí tí wọ́n rẹ sínú ògógóró tọ́jú rẹ̀. Ọtí tó wà nínú rẹ̀ ń gbé ẹ̀jẹ̀ gòkè.

Àwọn ọkùnrin díẹ̀ wà tí tiwọn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ láti inú oyún: wọ́n bí wọn pẹ̀lú X méjì àti Y kan dípò X kan àti Y kan. Nǹkan bí ọ̀kan nínú ọkùnrin 500 sí 1,000 ni. Tẹstọ́stírọ́ọ̀nù wọn kì í tó, wọn kì í sábà bímọ fúnra wọn, àkójọ ìṣòro yìí sì wọ́pọ̀ lára wọn gan-an. Ẹ̀yin ti bí mẹ́ta, nítorí náà mi ò fi tiyín sí i.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó yín. Mo gbóríyìn fún un pé ó ka ìwé àyẹ̀wò náà, ṣùgbọ́n triglyceride 98 yẹn kò dá yín láre. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, triglyceride máa ń wà nísàlẹ̀ kódà nígbà tí ara kò bá gbọ́ ti ínsúlínì mọ́. Ara àwọn òyìnbó ni wọ́n ti kọ́kọ́ gé ìwọ̀n 150 yẹn, ó sì ti tan ọ̀pọ̀ ọkùnrin wa jẹ. Mo ti rí ìwé àyẹ̀wò àìmọye ọkùnrin tí triglyceride wọn mọ́ bí omi òjò tí ìtọ̀ ṣúgà sì ti ń jẹ wọ́n lára. Bí triglyceride ọkùnrin dúdú bá ga, ó yẹ kó bẹ̀rù. Bí kò bá ga, kó má ṣe yọ̀, kó lọ wo ikùn, ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà rẹ̀.

Àyẹ̀wò DNA tí ọ̀rẹ́ yín ń sọ, ẹ fi owó yẹn san owó ilé ìwé. Ara àwọn òyìnbó ni wọ́n ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ̀ tí wọ́n fi ń ṣírò ewu jíìnì, ìṣirò náà kì í sì í bá wa mu dáadáa. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí pé àwa gan-an wà lára àwọn tí ayé kọ́kọ́ fi ẹ̀jẹ̀ wọn ka jíìnì. Nínú iṣẹ́ ńlá HapMap tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2005, èèyàn 269 ni wọ́n lò, 90 nínú wọn sì jẹ́ Yorùbá láti Ìbàdàn yín níbẹ̀ yẹn, bàbá, ìyá àti ọmọ láti inú ìdílé 30. Títí dòní, níbikíbi tí onímọ̀ jíìnì bá wà láyé, ó mọ lẹ́tà YRI, Yorùbá ìlú Ìbàdàn ni wọ́n sì ń tọ́ka sí. Síbẹ̀, ìwé tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí yín láti Lọ́ńdọ̀nù kò ní sọ ju ohun tí ẹ ti kọ sínú lẹ́tà yìí lọ: bàbá ní rọpárọsẹ̀ ní 54, ẹ̀gbọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà. Ìtàn ìdílé yín ni àyẹ̀wò jíìnì tó péye jù tí ẹ lè rí gbà, ẹ kò sì san kọ́bọ̀ lé e.

Jíìnì kan ṣoṣo wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn, APOL1, kíndìnrín ni tirẹ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ méjì kan wà tó wọ́pọ̀ gan-an láàárín Yorùbá, ìdí rẹ̀ sì ni pé ó ń dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ kòkòrò tó ń fa àìsàn oorun. Ẹni tó bá gba ọ̀kan nínú wọn lọ́dọ̀ bàbá tó tún gba ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá, kíndìnrín rẹ̀ lè tètè bàjẹ́. Ẹ ò nílò àyẹ̀wò jíìnì fún èyí náà. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ yín wò bóyá pùrótéènì wà nínú rẹ̀, àyẹ̀wò tí kò wọ́n, nítorí ẹ̀jẹ̀ 148/94 tó bá bá irú kíndìnrín bẹ́ẹ̀ kò ní fi àánú hàn.

Kí ẹ má sì rò pé ibi nìkan ni ìran wa ń fi jogún. Lára nǹkan bí ìdá 2.6 nínú 100 àwọn dúdú Amẹ́ríkà tí wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n rí ẹ̀dà jíìnì PCSK9 kan tí kò ṣiṣẹ́. Kọlẹ́sítáróò búburú wọn fi ìdá 28 kéré sí ti ẹgbẹ́ wọn, àrùn òpó ọkàn sì fi ìdá 88 dín kù láàárín wọn. Ara àbùdá yìí ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ṣe abẹ́rẹ́ kọlẹ́sítáróò tó jáde lọ́dún 2015. Àwọn bàbá wa gbé nǹkan rere náà wá.

Ó wá ku àwọn ìbejì yín. Ẹ kò sọ bí wọ́n ṣe wúwo tó nígbà tí wọ́n bí wọn, ṣùgbọ́n ìbejì sábà máa ń kéré. Ọmọ tí a bí ní kékeré tí a wá fi oúnjẹ bọ́ ọ títí ó fi sanra kíákíá máa ń ní ewu ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà tó bá dàgbà, láìka jíìnì sí. Ní Enugu, wọ́n wọn àwọn tí wọ́n bí nígbà ìyàn ogun Biafra nígbà tí wọ́n tó nǹkan bí ọmọ 40 ọdún: ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà wọn ga ju ti àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun lọ. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ìyá àgbà máa sọ pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kò tíì sanra tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù. Mínírà ọjọ́ Àìkú kò lè pa wọ́n, ṣùgbọ́n kó má di ti ojoojúmọ́. Ìgò ńlá kan lè ní ṣúgà tó ju ṣíbí tíì mẹ́wàá lọ. Wọn kò nílò àyẹ̀wò kankan báyìí ju kí ẹ máa wọn wọ́n lọ́dọọdún bí wọ́n ṣe ń ga.

Ẹ̀yin ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ yín. Ẹ padà lọ bá dókítà yín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ náà wọ̀n. Bí ó bá ṣì wà níbẹ̀, tí wọ́n bá kọ oògùn fún yín, ẹ lò ó, ẹ má sì dá a dúró nígbà tí ara bá yá. Ara máa ń yá nítorí oògùn náà ni. Ìdá méje nínú 98 kílò tiyín jẹ́ nǹkan bíi kílò méje, ẹ lo oṣù mẹ́fà lé e lórí. Mi ò ní sọ pé kí ẹ fi àmàlà sílẹ̀, nítorí ẹ kò ní gbọ́ tèmi. Ẹ gbé e kúrò ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín máa gbé mọ́ínmọ́ín tàbí ẹ̀wà fún yín lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, kí ebi má baà gbé yín délé. Lálẹ́, kí òkìtì àmàlà dín kù sí ìdajì èyí tí ẹ ń jẹ, kí ewédú, gbẹ̀gìrì àti ẹja pọ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí Maggi àti iyọ̀ dín kù nínú ọbẹ̀. Bíà náà, ó ti tó; bí ẹ kò bá lè fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó má ju ìgò kan lọ lọ́sẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kí ẹ tó dé ibi tí ẹ ti máa ń sọ̀, ẹ fẹsẹ̀ rin èyí tó kù, ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, kánkán débi tí ẹ kò ní lè kọrin. Ìwádìí lórí àwọn èèyàn tó lé ní 200,000 fi hàn lọ́dún 2011 pé bí ẹni tó ní FTO bá ń lo ara rẹ̀ dáadáa, ipá tí jíìnì náà ní lórí sísanra máa ń dín kù ní nǹkan bí ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ tún fi téèpù yí ikùn yín ká, ní àárọ̀, kí ẹ tó jẹun, láìfa ikùn sínú, kí ẹ kọ nọ́ńbà tuntun ránṣẹ́ sí mi. Ẹ pe gbogbo àbúrò yín ọkùnrin, kí àwọn náà lọ wọn ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà wọn. Ẹ̀yin ọkùnrin yòókù tó ń ka èyí, tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá ti ní rọpárọsẹ̀, àrùn ọkàn tàbí ìtọ̀ ṣúgà kó tó pé ọmọ ọdún 55, ẹ má dúró de àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ẹgbẹ́ ọjà. Ẹ lọ wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ yìí.